Ṣé kí n bọ irúgbìn ìrẹsì bàbá mi jẹ? Ìjíròrò lórí oríṣiríṣi ìrẹsì àti bí wọ́n ṣe ń mú tuntun jáde

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan lẹ́bàá Ọ̀fà:

Bàbá mi jáde láyé ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì fi àkùrọ̀ kan sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú akèrègbè mẹ́ta tí irúgbìn ìrẹsì wà nínú wọn. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun ó sì gùn, ẹ̀kẹta kúkúrú, ó ní irun gígùn lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń ta irúgbìn fún wa ní kí n bọ gbogbo rẹ̀ jẹ, kí n gbin FARO 44, ìrẹsì ìgbàlódé tí ìjọba fọwọ́ sí, nìkan. Ọmọ àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ń mú ìrẹsì tuntun jáde nílò irú wọn. Kí ni ìrẹsì àtijọ́ tí kì í so púpọ̀ fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń wá tuntun? Àti pé, nígbà tí wọ́n ti lè wo DNA báyìí, kí ló dé tí àwọn olùwádìí ṣì ń gbé rúlà káàkiri oko, tí wọ́n ń wọn gíga ìrẹsì, tí wọ́n ń ka hóró lọ́kọ̀ọ̀kan?

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé omi kaná. Irúgbìn tí a bá ti bọ̀ kò lè hù mọ́, ohun tí bàbá yín sì fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú láti ọdún dé ọdún kì í ṣe ohun tí à ń jẹ tán ní ọjọ́ kan.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní oko ìdánwò ìrẹsì kí n tó padà wálé sí ẹ̀bá Òmù-Àrán láti máa dá oko tèmi. Èmi gan-an ni wọ́n máa ń gbé rúlà àti ìwé lé lọ́wọ́, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni n óò sọ. Ẹni tó ń wá ìrẹsì tuntun kì í dá ohunkóhun sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lára ìyá àti baba ni ọmọ yóò pín, bí kò bá sì sí lára àwọn méjèèjì, ibi yòówù kí ó wá a dé, kò ní rí i. Lóòótọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ ju ìyá àti baba lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kì í ṣẹlẹ̀ àfi tí ohun tí ìyá ní bá yàtọ̀ sí ohun tí baba ní. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀kan náà ni wọn yóò máa bí títí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Òdòdó ìrẹsì ní akọ àti abo nínú èèpo kan náà, ara rẹ̀ ló sì máa ń gbà, débi pé tí ẹ bá gbin oríṣi méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà dà pọ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dá sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó mú ṣírí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ìyá, a ó fi àlùmọ́gàjí kékeré gé orí èèpo kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ẹ̀mú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ fa akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú òdòdó náà jáde. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, iṣẹ́ bàjẹ́. A ó fi àpò bébà bò ó mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí oòrùn ti ràn tí òdòdó baba sì ti ń là, a ó gé ṣírí baba, a ó gbọ̀n ọ́n sórí ìyá kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè bọ́ sínú àwọn èèpo tí a ti gé. Mo ti ṣe ọgbọ̀n òdòdó rí tó jẹ́ pé hóró márùn-ún péré ni mo rí kó.

Hóró márùn-ún yẹn, tí a bá gbìn wọ́n, gbogbo wọn yóò jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tiwọn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá gbin ìran kejì, ẹ ó rí gíga, ẹ ó rí kúkúrú, ẹ ó rí pupa àti funfun, ẹ ó rí èyí tó tètè gbó àti èyí tí òjò yóò fi dá tí kò ní tíì yọ ṣírí. Inú wọn ni a ti ń ṣà, a ó sì máa ṣà títí di ìran kẹfà tàbí ìkẹjọ kí ìwà wọn tó dúró sójú kan.

Ẹ bi mí pé kí ni ìrẹsì àtijọ́ fẹ́ ṣe. Ní ọdún 1962, ní ilé ìwádìí ìrẹsì tó wà ní Philippines, wọ́n mú Dee-geo-woo-gen, ìrẹsì kúkúrú kan láti Taiwan, wọ́n gbọ̀n lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sórí Peta, ìrẹsì gíga tó wá láti Indonesia. Nínú ọmọ wọn ni wọ́n ti ṣa IR8, tó jáde ní ọdún 1966. Ìrẹsì gíga a máa wó lulẹ̀ nígbà tí ajílẹ̀ bá pọ̀ nídìí rẹ̀. IR8 kì í wó, ó sì so débi pé iṣẹ́ ìrẹsì ní Éṣíà yí padà láti ìgbà náà. Jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń jẹ́ kí pòròpórò kúrú ló gbé iṣẹ́ náà, ara ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i.

* * *

Nínú ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti kọ̀wé dá sí ìdáhùn mi yìí, èyí tó pọ̀ jù ló ní FARO 44 ti tó, pé ó tètè gbó, pé hóró rẹ̀ gùn, pé ọjà ń fẹ́ ẹ. Mo gbà. Èmi náà ń gbìn ín, òun ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe. Ẹni kan kọ ọ́ pé òun ti ní oríṣiríṣi tó pọ̀ nítorí pé òun ń gbin FARO mẹ́ta, ẹlòmíràn sì dá a lóhùn pé FARO ni gbogbo wọn, pé ọmọ ìyá ni wọ́n. FARO kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń forúkọ ìrẹsì tí ìjọba ti fọwọ́ sí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nọ́ńbà náà sì ń tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Taiwan ni FARO 44 ti wá, SIPI 692033 sì ni orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. FARO 52 ni WITA 4, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti Ìbàdàn wá. FARO 55 ni NERICA 1 (New Rice for Africa, ìrẹsì tuntun fún Áfíríkà), ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ìrẹsì Áfíríkà lára, ìyẹn ìrẹsì ilẹ̀ wa tó yàtọ̀ sí ìrẹsì Éṣíà. Nọ́ńbà kò sọ ẹbí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní grassy stunt bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìrẹsì jẹ́ ní Éṣíà. Ìrẹsì tó bá mú á kúrú, á ṣù bí koríko, kò sì ní so nǹkan gidi. Wọ́n yẹ oríṣi tó ju 6,000 lọ wò láti wá èyí tí àrùn náà kò ní lè mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí tó wúlò: ìrẹsì igbó kan, Oryza nivara, tí wọ́n kó láti Uttar Pradesh ní Íńdíà. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó sì máa ń gbọ̀n dànù kí ẹnikẹ́ni tó kó o. Tí wọ́n bá fi iye àpò tí í so ṣe ìwọ̀n rẹ̀ ni, wọn ì bá ti jù ú nù tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wọ IR36, tó jáde ní ọdún 1976, tí ó sì di ìrẹsì tí wọ́n gbìn jù lọ lágbàáyé nígbà tirẹ̀.

Àwa náà ní tiwa. Àrùn tó ń sọ ewé ìrẹsì di yẹ́lò, tí ó ń mú kí èèpo ṣófo, Áfíríkà nìkan ló wà. Kenya ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1966. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé ló ń gbé e kiri, dòjé tí a fi gé ti inú oko kan wọ oko mìíràn náà sì ń gbé e. Nínú gbogbo ìrẹsì Éṣíà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, díẹ̀ kíún ló lè dá a dúró pátápátá, Gigante láti Mozambique wà lára wọn. Àwọn yòókù tó lágbára níwájú rẹ̀, lára ìrẹsì Áfíríkà ni wọ́n ti rí wọn. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé kò sí irú rẹ̀ nínú akèrègbè kan ní agbègbè Ìsin tàbí Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí wọ́n ń rò láti bọ̀ jẹ lọ́la?

* * *

Lórí rúlà àti DNA. Ẹni kan ní kí a sọ rúlà nù, pé DNA ti parí ìjà. Àwọn mìíràn dá a lóhùn pé ojú àgbẹ̀ tó, pé ẹni tó ti gbin ìrẹsì fún ogójì ọdún kò nílò ẹ̀rọ kankan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ.

Ojú a máa tan ènìyàn. Ní ọdún kẹta tí mo padà wálé, mo bu irúgbìn láti inú àpò kan ṣoṣo, mo gbìn ín sí òkè àti ìsàlẹ̀ àkùrọ̀ mi. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń dúró tí ẹrẹ̀ sì dúdú, dé mi láyà. Èyí tó wà lókè, níbi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá orúnkún mi, ṣírí rẹ̀ sì kúrú. Àlejò tó bá rí wọn yóò búra pé oríṣi méjì ni. Ilẹ̀ àti omi ló fa ìyàtọ̀ yẹn, ọmọ kankan kò sì lè jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oko ìdánwò fi máa ń gbin oríṣi kan náà sí ojú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ kan, tí wọ́n tún ń gbìn ín ní ìlú mìíràn àti ní ọdún mìíràn: wọ́n fẹ́ mọ èwo nínú ìyàtọ̀ tí rúlà rí ló jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, àti èwo ló jẹ́ ti ilẹ̀. Iye ọjọ́ tí ìrẹsì fi ń yọ òdòdó kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúwo ẹgbẹ̀rún hóró. Wọ́n ṣeé fi ṣa òbí. Iye àpò tó so lórí sáré kan a máa yí padà láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣa òbí, ilẹ̀ ọlọ́ràá ló ń ṣà láìmọ̀.

Mo tún ti rí òdìkejì rẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a gba irúgbìn ní abúlé mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta ló sì ń jẹ́. Abúlé kìíní fi orúkọ obìnrin tó gbé e wọ̀lú pè é, èkejì fi àwọ̀ rẹ̀ pè é, ẹ̀kẹta fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti rà á pè é. A gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a kò rí ìyàtọ̀. A gé ewé wọn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọdún yẹn kan náà, ìrẹsì méjì kan wà, funfun gígùn ni wọ́n, wọ́n ga bákan náà, ọjọ́ tí wọ́n gbó kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ síra wọn. Gbogbo wa ló ń pè wọ́n ní ìbejì. Àyẹ̀wò fi hàn pé wọn kò bára tan rárá. Bí a bá ti fi ojú nìkan ṣa òbí ni, à bá ti so irúgbìn kan ṣoṣo mọ́ ara rẹ̀ ní orúkọ méjì, à bá sì ti fo òbí tó yàtọ̀ gidi kọjá.

Ṣùgbọ́n DNA kò lè gbin oko fún wa. Nínú ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ wa ní gúúsù Kwara, omi kan wà tí ojú rẹ̀ máa ń dán bí ẹni pé wọ́n da epo sí i, tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pupa bí irin tó dógùn-ún. Irin ló pọ̀ jù nínú omi náà. Ìrẹsì tí kò bá lè fara dà á, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ tò ní àmì pupa rẹ́súrẹ́sú, àmì náà á wá gun òkè lọ títí ewé yóò fi gbẹ láti ṣóńṣó. FARO 52 wà lára àwọn tó ń fara dà á. Jíìnì tó wà nídìí ìfaradà yìí pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kò tíì sí ohun tó rọ́pò kí ènìyàn wọ inú omi yẹn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó wo ewé.

Ibì kan sì wà tí ojú ti yá ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ gbin akèrègbè pupa yẹn díẹ̀, nígbà tó bá sì ti dàgbà, ẹ fa ewé kan sẹ́yìn níbi tó ti so mọ́ pòròpórò. Ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dúró níbẹ̀ bí ahọ́n. Lára ìrẹsì Éṣíà, ahọ́n náà gùn, ó ṣe ṣóńṣó, ó sì là sí méjì. Lára ìrẹsì Áfíríkà, ó kúrú, orí rẹ̀ sì rí roboto. Ṣírí ti Áfíríkà a máa nàró, ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì ní ọmọ ẹ̀ka púpọ̀. Àwọ̀ pupa nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ìrẹsì Éṣíà tó pupa pọ̀.

* * *

Ẹnì kan ti wá da ohun méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ó ní nígbà tí oríṣiríṣi bá dára, kí a kúkú da akèrègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí a gbìn wọ́n. Ẹ má ṣe é!

Mo ra irúgbìn kan ní ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó pè é ní ojúlówó. Nígbà tó yọ ṣírí, ìgbà mẹ́ta ló yọ ọ́ nínú oko kan ṣoṣo. Èyí tó kọ́kọ́ gbó, ẹyẹ ẹ̀ga ló bá mi kórè rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ló dúró ní wúrà láàárín ewé tútù. Nígbà tí mo gé èyí tó wà láàárín, ẹni ìkẹyìn ṣì ní wàrà nínú. Ní ilé ìlọ̀, kúkúrú àti gígùn wọ ẹ̀rọ pa pọ̀, ìdajì fọ́ yángá, àwọn tó ń rà á lọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo kàn fọwọ́ gbọ̀n ọ́n lórí atẹ, wọ́n sì dá a padà sínú àpò mi. Àpò mẹ́jọ ni mo ti fojú sí, mẹ́ta ni mo rí tà.

Kí ìrẹsì yàtọ̀ síra láti oko dé oko, ìyẹn ni èrè. Kí ó dàrú nínú àpò kan, òfò ni. Ní Yunnan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n gbin ìrẹsì gíga tó ń lẹ̀ mọ́ra sí àárín ìlà ìrẹsì mìíràn, àrùn ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní blast sì dín kù gan-an lórí èyí tó ga. Ìlà ni wọ́n fi tò ó o, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

* * *

Ìbéèrè dáadáa kan wọlé: ṣé òbí tó jìnnà síra wọn jù lọ ló dára jù lọ nígbà náà? Ohun tí ìwé kọ́ wa ni kí a yẹ oríṣi púpọ̀ wò, kí a pín wọn sí agbo-agbo gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jọra tó, kí a sì mú ìyá nínú agbo kan àti baba nínú agbo mìíràn. Ó dára dé àyè kan. Tí wọ́n bá jìnnà jù, wọn kò ní bímọ.

Ìtàn NERICA ló fi èyí hàn jù. Àwọn baba ńlá wa ní apá òkè Odò Ọya, níbi tó ń jẹ́ Mali lónìí, ti sọ ìrẹsì igbó di ìrẹsì oko láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Òun ni ìrẹsì Áfíríkà. Odò kan náà ló ń kọjá ní Jẹ́bbà àti Pàtígi. Ìrẹsì Éṣíà dé lẹ́yìn, ó ń so jù ú lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ọmọ wọn a máa yàgàn. Ní àwọn ọdún 1990, Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní WARDA, àjọ ìwádìí ìrẹsì ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, mú CG 14, ìrẹsì Áfíríkà kan tó wá láti Senegal, wọ́n so ó mọ́ WAB 56-104, ìrẹsì Éṣíà kan. Wọ́n ní láti dá ọmọ tó jáde padà sọ́dọ̀ ìrẹsì Éṣíà léraléra, wọ́n sì ń yọ ọlẹ̀ inú hóró kan kí ó tó kú, kí wọ́n lè tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò, títí tí ọmọ tó lè bímọ fi wà. Ẹ̀bùn World Food Prize ti ọdún 2004, Jones àti Yuan Longping, olùwádìí ìrẹsì ní Ṣáínà, ni wọ́n jọ gbà á.

Nítorí náà, mi ò gbà pé jíjìnnà ni kí a máa lé. Ìyá tó ní ohun tí baba kò ní, tí wọ́n sì ṣì lè gbọ́ ara wọn yé, ni mo máa ń wá nígbà tí wọ́n bá bi mí. Ohun kan sì wà tó ń dùn mí. Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n tẹ ìwádìí DNA ìrẹsì Áfíríkà jáde, ó hàn gbangba pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ìrẹsì Áfíríkà fúnra wọn kéré sí ti Éṣíà. Ohun tó kù fún wa nínú rẹ̀ kò pọ̀, a sì ń bọ̀ ọ́ jẹ.

* * *

Ìyá wa kan tó ń ta oúnjẹ ní Ìlọrin ti bínú sí gbogbo wa. Wọ́n ní a ń sọ̀rọ̀ gíga, a ń sọ̀rọ̀ àrùn, kò sí ẹni tó béèrè bí ó ṣe ń rí nínú ìkòkò. Wọ́n ní ìrẹsì gígùn tí gbogbo ènìyàn ń gbìn báyìí kò ṣe é fi ro túwó, pé ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu igi, pé oníbàárà á sì bu ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì sí i kí ó tó lè gbé e mì.

Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ jàre. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amylose ló wà nídìí rẹ̀: ìrẹsì tó bá ní in púpọ̀, hóró rẹ̀ a máa dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dára fún jọ̀lọ́ọ̀fù, èyí tí amylose rẹ̀ kéré a máa rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ra, òun ni túwó ń fẹ́. Àbùdá tí ọmọ ń jogún ni, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i lóko. IR8 tí mo yìn lókè yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn láti jẹ ẹ́, àwọn olùwádìí sì tún ní láti padà sídìí iṣẹ́. Ní oko ìdánwò tí mo ti ṣiṣẹ́, a wọn ohun mẹ́rìnlá lára ìrẹsì kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti ìkòkò. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Akèrègbè kẹta yẹn, èyí tó kúkúrú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé torí túwó ni bàbá ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

* * *

Fún ẹni tó béèrè nípa ìrẹsì haíbíríìdì: ẹ má tọ́jú irúgbìn rẹ̀ fún ọdún kejì. Ìran kìíní ni ẹ rà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fọ́n ká gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé nípa ìran kejì. Inú ìrẹsì igbó kan tí akọ rẹ̀ yàgàn, tí àwọn tó ń bá Yuan Longping ṣiṣẹ́ rí ní erékùṣù Hainan ní ọdún 1970, ni haíbíríìdì ilẹ̀ Ṣáínà ti wá. Ìrẹsì igbó náà nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

* * *

Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni kí ẹ ṣe gan-an. Ẹ gbin FARO 44 yín sí ibi tó pọ̀ jù nínú àkùrọ̀, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹun, kí ẹ sì wo ojú omi kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó gbìn ín sí. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú akèrègbè kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ wọ́n, ẹ fi aṣọ tútù wé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ọgọ́rin bá hù, ara irúgbìn yẹn ṣì le. Tí kò bá ju ogún lọ, ẹ gbin gbogbo rẹ̀ ní ọdún yìí, ẹ má dúró di èèmíì. Mo pàdánù irúgbìn ìyá ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kọ́ sókè àrò fún ọdún mẹ́rin, mo rò pé èéfín ń tọ́jú rẹ̀, nígbà tí mo gbìn ín, kò sí ọ̀kan tó yọjú.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta kéékèèké ti tó, kí ẹ fi àyè bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sáàárín wọn. Nígbà ìkórè, ẹ má kó irúgbìn lára ṣírí mẹ́ta tó wù yín jù. Ẹ kó o lára àádọ́ta ó kéré tán, nítorí pé ìrẹsì àtijọ́ tó dà bí ọ̀kan náà lójú yín ṣì ní ìyàtọ̀ nínú, ìyàtọ̀ yẹn gan-an sì ni a fẹ́ pa mọ́. Ẹ sá a títí tí hóró rẹ̀ yóò fi ró kán lábẹ́ eyín. Ẹ fi eérú gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ da irúgbìn lé e, ẹ dé e pa.

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí ilé kan. Mo mọ àgbẹ̀ kan ní apá Pàtígi tí àkúnya Odò Ọya ọdún 2022 gbé abà rẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo irúgbìn inú rẹ̀. Ìwọ̀n kóńgò méjì tó ti fún àna rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ló fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ọmọ àbúrò yín ní díẹ̀ kí ó mú un lọ sí NACGRAB ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ìjọba ti ń tọ́jú irúgbìn orílẹ̀-èdè yìí sínú òtútù. Ilé ìwádìí ọkà tó wà ní Badeggi ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ìrẹsì wà lára iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, yóò fẹ́ rí i pẹ̀lú.

Irúgbìn tí kò ní ìtàn kì í wúlò tó fún wọn níbẹ̀, nítorí náà, ní alẹ́ òní, ẹ jókòó ti ìyá yín. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí bàbá ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti gbà á, oṣù tí wọ́n ń gbìn ín, ibi tí wọ́n ń gbìn ín sí nínú àkùrọ̀, àti ohun tí wọ́n máa ń fi sè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, kí ẹ so ìwé náà mọ́ ọrùn akèrègbè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò níbi tí bàbá gbé e sí.